Omi Tí Murielle Kọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìfẹ́ òun dúró lórí ilẹ̀ gidi, kó gbé olólùfẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn mòtò lóṣù kẹjọ, kó gba ọ̀nà Pobè lọ sí Kétou lẹ́yìn òjò. Ẹrẹ̀ pupa yóò ta sí wọn láṣọ, ìdí yóò máa ro wọ́n, wọn yóò sì rí ara wọn bí wọ́n ṣe rí. Murielle àti Ọláìtán ti rin èyí tó pọ̀ nínú ìrìn náà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan báyìí, wọn ò tíì jà. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Agbẹ̀bí ni Murielle, ní Pobè ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Akíndé ni, àgbẹ̀ Adakplamè tó fi iṣu àti àgbàdo rán an níwèé títí ó fi di sage-femme, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò gbàgbé. Ọláìtán ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní collège kan ní Kétou. Huguette, ọ̀rẹ́ Murielle tó wà nílé ọkọ ní Kpankou, ló ṣe alárenà wọn. Níbi ìkómọjáde ọmọ rẹ̀ ló ti ní kí Ọláìtán bá Murielle gbé àga gígùn kan. Wọ́n gbé àga náà dé ibi tó yẹ kí wọ́n gbé e dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọn ò sì rántí sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọdún kejì rèé tí ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán.

Òpin ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ fi kí àwọn ènìyàn wọn, nítorí pé ilé-ìwé ti gba ìsinmi, Murielle náà sì ti tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ dé Odomèta, nílé àwọn Ọláìtán. Wọ́n á sùn sí Kpankou lọ́dọ̀ Huguette àti Cyriaque ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú wọ́n á dé Adakplamè lọ́dọ̀ bàbá Murielle. Bí Odomèta bá gba Murielle, àwọn àgbà ibẹ̀ yóò lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bí wọn ò bá gbà á, Murielle ò fẹ́ ronú débẹ̀ rárá.

Ìyá Lábọ̀dé ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Òun ló bí Lábọ̀dé, Lábọ̀dé ló bí Ọláìtán, ìgbà tí Lábọ̀dé sì kú, ìyá àgbà yìí ló tọ́ àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀. Kò sí ìyàwó tó ń wọ ilé náà láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, ó sì ti sọ ọ́ gbangba pé obìnrin tó ń gbowó oṣù ti sú òun. Ẹ̀bi Ulrich ni, ẹ̀gbọ́n Ọláìtán. Ulrich fẹ́ ìyàwó wá láti Cotonou, obìnrin tó mọ̀wé, tó sì lẹ́wà. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó dé, ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ké rara pé, "Euloge! Euloge, gbé omi wá!" Euloge, àbúrò ọkọ rẹ̀! Gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ èyí tó ṣì ń rákòrò. Kì í pe orúkọ wọn. Orúkọ mìíràn ni yóò wá fún wọn, tí yóò máa fi pọ́n wọn lé. Ìyàwó Ulrich ti tọrọ àforíjì títí ó ti rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n títí di òní, bí ọmọdé Odomèta bá fẹ́ dẹ́rìn-ín pa ẹgbẹ́ rẹ̀, "Euloge, gbé omi wá" náà ni yóò sọ.

"Èmi ò ní pe Euloge ní Euloge," Murielle sọ sí Ọláìtán létí lórí mòtò. "Sọ bó ṣe rí fún mi."

"Ó ga, kì í sì í sọ̀rọ̀."

"Ọ̀pẹ-kò-rojọ́. Ulrich ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

"Aṣọ ló fẹ́ràn. Bó bá ń lọ sóko, á kọ́kọ́ lọ aṣọ rẹ̀."

"Gbajúmọ̀ nìyẹn. Ó kù ta ni?"

"Prudence, ọmọ àǹtí mi tó kéré jù. Kò ju báyìí lọ. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì ń ṣe bí ẹni pé òun ló kọ́ ilé náà."

"Adúmáadán," Murielle wí, orúkọ náà sì dùn lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi tún un sọ. Báyìí ni wọ́n ṣe é títí wọ́n fi kọjá Kétou, tí gbogbo ará ilé Odomèta ti ní orúkọ tuntun, tí wọn ò sì mọ̀. Ọláìtán ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn, kò sì sí èyí tó rántí nínú àwọn méjèèjì pé eré ojú ọ̀nà kì í sáábà dúró síta bí ènìyàn bá wọlé.

Bí wọ́n ṣe dé Odomèta, Murielle yí ohùn padà. Lórí mòtò, "ìwọ" ni Ọláìtán. Nínú ọgbà ilé wọn, ó di "ẹ̀yin". Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Lábọ̀dé jókòó sábẹ́ òrùlé, ó ń pa ẹ̀pà, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ òun dúró.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Akíndé ni mí, Màmá. Ní Adakplamè."

"Akíndé tí kò jẹ́ wọ ilé ọmọ rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Murielle láyà, nítorí òtítọ́ ni. Clémence, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló kó ẹrù rẹ̀ lọ bá ọkùnrin kan ní Kétou láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá tọrọ rẹ̀. Ó ti bímọ síbẹ̀, ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n bí Akíndé bá lọ sọ́jà Kétou, ọ̀nà mìíràn ló máa ń gbà kó má baà kọjá níwájú ilé yẹn.

"Òun ni, Màmá."

"Ọkùnrin náà le," ìyá àgbà wí, ó sì tún ń pa ẹ̀pà rẹ̀ lọ. Kò ní kí Murielle jókòó.

Ibi tí wọ́n wà rèé nígbà tí ọmọ kékeré kan tó dúdú, tó ń dán, sáré jáde láti ẹ̀yìn ilé wá wo mòtò, tó yọ̀ nínú ẹrẹ̀, tó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ gbàgà. Ó figbe ta. Murielle ló sún mọ́ ọn jù. Ó gbé e, ó fi aṣọ ara rẹ̀ nu ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti sọ ọ́ kó tó mọ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Adúmáadán mi, ẹ má sunkún mọ́."

 Ọwọ́ Ìyá Lábọ̀dé dúró lórí ẹ̀pà.

"Kí lo pè é?"

Murielle rí ohun tó ti ṣe, ojú sì tì í. Ìyàwó ilé nìkan ló ń fún ọmọ ilé lórúkọ. Òun tí wọn ò tíì tọrọ, òun tí wọn ò tíì fún lága, ó ti gbé ara rẹ̀ níyàwó lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Adúmáadán, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Bí ìyá mi ṣe ń pe àwọn ará ilé bàbá mi nìyẹn."

Ìyá àgbà dìde. Ó wo Murielle láti òkè délẹ̀, ó wo ọmọ tó ti dákẹ́ sí i léjìká, tó sì ń fi ẹrẹ̀ pa á lára. Ẹ̀rín yọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò ní in lọ́kàn.

"Ẹ wá wo ohun tí mo ń wí láti ọjọ́ yìí," ó sọ fún àwọn obìnrin ilé. "Ó mọ̀wé, ó sì tún mọ ilé. Èyí kì í ṣe àlejò. Ẹ bu omi wá, kí n wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó mi."

Àwọn obìnrin hó yè. Wọ́n gbé igbá omi jáde, ẹ sì gbà mí gbọ́, Euloge ló gbé e, láìsí ẹni tó pè é. Wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó kàn: wọn á da omi náà sí Murielle lẹ́sẹ̀, á gba orí omi kọjá wọlé, ó sì ti di ìyàwó ilé náà nìyẹn. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè sọ.

Ohun tí Murielle ti ń gbàdúrà fún láti Pobè ni. Ó wo Ọláìtán. Ojú Ọláìtán ń sọ fún un pé, wọlé, jọ̀ọ́, kí Màmá tó yí ọkàn padà. Ìgbésẹ̀ kan péré ni. Ìfẹ́ tó ní sí ọkùnrin náà tì í lẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹsẹ̀.

Ó wá rántí bàbá rẹ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún àwọn ará Adakplamè bí ọ̀rọ̀ Clémence bá ti bọ́ sílẹ̀: "Murielle tèmi, ọ̀sán gangan ni yóò jáde nílé mi. Ẹ óò rí àwọn tó wá tọrọ rẹ̀ níkúnlẹ̀." Bó bá tẹ omi yìí, bàbá rẹ̀ ò ní rí ibi tó máa gbé ojú sí mọ́ láyé.

Murielle gbé ọmọ náà fún obìnrin kan. Ó kúnlẹ̀ níwájú igbá, kò kọjá a.

"Màmá, ẹ ṣé. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè wí lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè tẹ omi yìí lónìí. Bàbá mi wà láyé, ẹ ò sì tíì bèèrè mi lọ́wọ́ rẹ̀."

"O fún ọmọ mi lórúkọ ìyàwó, o wá kọ omi ìyàwó?"

"Ẹnu mi ló yára jù, Màmá. Ẹ dárí jì mí. Ẹsẹ̀ mi ò lè bá a sáré."

 Ìyá Lábọ̀dé wo omi náà, ó yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n lọ dágbére fún un, ó ní kí wọ́n máa lọ. Euloge ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá, kò mọ̀ bóyá kí òun dà á nù tàbí kí òun gbé e wọlé.

Eré ni Ọláìtán fi mòtò náà sá títí wọ́n fi dé Kpankou. Nígbà tí Huguette gbé àkàsà àti ẹja síwájú wọn, tí Cyriaque sì bèèrè bí nǹkan ṣe lọ, ni ọ̀rọ̀ náà tú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ìgbésẹ̀ kan péré, Murielle. Obìnrin tó ní òun ò fẹ́ ọ ló bu omi fún ọ fúnra rẹ̀. Ṣé o mọ ohun tó gbà á kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀? O fẹ́ mi ni, àbí o ò fẹ́ mi?"

"Mo fẹ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gba ojú fèrèsé wọ ilé rẹ."

"Fèrèsé wo? Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé omi sí."

"Ẹnu ọ̀nà tí bàbá mi ò mọ̀, fèrèsé ni."

"Bàbá rẹ, bàbá rẹ. Èmi ńkọ́?"

Huguette ló dá a lóhùn, nítorí iṣẹ́ alárenà ò tíì bọ́ lọ́rùn rẹ̀. "Ọláìtán, jẹun. Bó bá rọrùn fún un láti já bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí tìẹ, ọjọ́ wo ni yóò já ìwọ náà sílẹ̀?"

Ọláìtán ò jẹun. Ó lọ jókòó sí ìta. Murielle wò ó láti ojú ilẹ̀kùn, ó fẹ́ lọ bá a, ìgbéraga ò jẹ́ kó lọ. Àbí ìgbéraga náà ló gbé e kúnlẹ̀ níwájú igbá yẹn? Àbí ojú ayé ló ń ṣe? Clémence ń rẹ́rìn-ín nílé ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀, ó ń bímọ. Bóyá òun Murielle yóò gbọ́n títí, yóò fi ọgbọ́n gbé ilé bàbá rẹ̀ darúgbó. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tó fi wọlé lọ sùn láìkí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó jí, Huguette ò sí nílé. "Ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì," Cyriaque sọ, kò sì wo ojú rẹ̀.

Ọláìtán ti nu mòtò mọ́. Ó ní, "Mo ronú sí i. Mi ò lè ní kí o bínú sí bàbá rẹ nítorí mi. Gun mòtò, ká lọ." Kò tíì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ de fìlà òjò mọ́ ọn lórí kó tó ṣíná mòtò. Ìyẹn tó Murielle fún òwúrọ̀ yẹn.

Wọn ò mọ̀ pé ìpè portable ti ṣáájú mòtò dé Adakplamè. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó hó yè ní Odomèta ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Ó ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó rí òpin ọ̀rọ̀ náà.

Akíndé jókòó síwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí, àwọn ará àdúgbò méjì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Murielle kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá."

Bàbá rẹ̀ ń wo ojú ọ̀nà. "Ìyàwó Odomèta, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìrìn."

Bàbá rẹ̀ ti bínú sí i rí, ṣùgbọ́n kò pè é ní "ẹ" rí. 

"Bàbá, ọmọ yín ni mí."

"Ọmọ mi wà ní Pobè, ó ń gbẹ̀bí. Wọ́n pè mí lánàá. Wọ́n ní o ti fún àwọn ọmọ wọn lórúkọ. Wọ́n ní wọ́n ti wẹ ẹsẹ̀ rẹ. Ìwọ náà, Murielle."

"Wọ́n bu omi, Bàbá. Mi ò tẹ̀ ẹ́."

"Ta ló rí i?"

Ọláìtán ti dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Èmi rí i, Bàbá. Èmi gan-an fẹ́ kó tẹ̀ ẹ́, ojú ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Ó ní bàbá òun wà láyé. Inú bí mi lánàá. Lónìí, mo ń bèèrè lọ́wọ́ ara mi bóyá mo tó ẹni tó lè fẹ́ ẹ."

 Ọ̀rọ̀ náà wọ Akíndé létí, ó hàn, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n ti fi ọmọ kan rẹ́rìn-ín kì í yára gbàgbọ́. "Ẹni tó ń fẹ́ ọmọ mi kọ́ ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí fún un," ó wí. "Ẹ dìde. Ẹ máa lọ sí ibi tí ẹ ti ń bọ̀."

Murielle ò dìde.  Gbogbo ohun tó ṣe lánàá, nítorí bàbá rẹ̀ ló ṣe é, òun náà ló sì ń lé e lọ. Ó ti pàdánù Odomèta, ó ti pàdánù Adakplamè, omi ojú sì wá já bọ́ lójú rẹ̀.

Mòtò kan yà wọlé láti ojú ọ̀nà. Huguette ló ń gùn ún. Ìyá Lábọ̀dé wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi aṣọ de orí, ó di Huguette mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mòtò Ulrich tẹ̀ lé wọn, iṣu tuntun ni wọ́n dì sẹ́yìn rẹ̀, Ulrich sì lọ aṣọ. Ìyá tí kò jáde kúrò ní Odomèta láti ìgbà tí eékún ti ń dùn ún! Òun ló pe Huguette kí ilẹ̀ tó mọ́, òun náà ló ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó bèèrè pé, "Èwo ni Akíndé?" Nígbà tí wọ́n fi hàn án, ó rìn lọ síwájú rẹ̀, ó di apá Huguette mú, ó sì kúnlẹ̀.

Akíndé fò dìde. "Ìyá! Ẹ dìde, ẹ̀yin tí ẹ lè bí mi. Ẹ má fi mí gba èpè."

"Ẹni tó wá tọrọ ọmọ kì í ṣe àgbà," ìyá náà wí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lánàá, mo bu omi síwájú ọmọ yín. Mo ti gbàgbé pé ó ní ẹni tó bí i. Ó kúnlẹ̀ fún mi, ó ní bàbá òun wà láyé. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Wọ́n rò pé ìbínú ni. Ẹkún ni mo ń sun. Ọjọ́ tí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ tèmi, bàbá mi wà láyé, mi ò sì lè la ẹnu. Ọjà ló ti gbọ́ pé mo ti lọ sílé ọkọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú. Ohun tí ọmọ yín sọ lánàá, láti ìgbà yẹn ló ti wà lọ́fun mi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kó gba ilé mi lẹ́yìn mi. Mo wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín."

 Akíndé ṣí fìlà rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìyá àgbà dìde, ó sì fi í jókòó sórí àga ara rẹ̀. Ó wá bèèrè.

"Ọmọ mi kọ omi yín?"

"Ó kọ̀ ọ́."

"Níwájú gbogbo ilé?"

"Níwájú gbogbo ilé, lójú ọkọ tó ń fẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ tún un sọ sókè. Etí ọ̀rẹ́ mi yìí ò gbọ́ dáadáa." Kò sí nǹkan kan tó ṣe etí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyá Lábọ̀dé mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì tún un sọ sókè.

Akíndé wá yíjú sí Murielle.  "Dìde, ọmọ mi," ó wí. "Àṣìṣe ni mo ṣe sí ọ." Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìyá àgbà. "Ẹ padà wá pẹ̀lú àwọn àgbà ilé yín, bó ṣe yẹ. Ọjọ́ tí ẹ bá dá, ọjọ́ náà ni. Ìwọ Ọláìtán, lọ wẹ ẹrẹ̀ yẹn kúrò láyà. Ọmọ mi, lọ gún iyán fún àwọn àlejò mi."

Murielle lọ sẹ́yìn ilé. Ó bó nínú iṣu tuntun náà, ó sè é, ó kó o sínú odó, Huguette sì bá a mú ọmọ odó kejì. Wọ́n ti ń gún un nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé wá kí Akíndé, nítorí ìròyìn ti kárí. Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń sọ ọ́ fún àwọn tó kọ́kọ́ dé. Àwọn mìíràn dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ: "Omi ti dé ẹnu ọ̀nà o. Wọ́n ní kó wọlé. Ó ní rárá, bàbá òun wà láyé."

Murielle na ọwọ́ di ọmọ odó Huguette mú, ó sì gbé tirẹ̀ sókè, kò jẹ́ kó balẹ̀, kí ariwo odó má baà bo ohùn bàbá rẹ̀.